Àga Ìyàwó ní Ilé Ọláwuyì

Àárín èrò ni ojú wa ti pàdé. Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni, àwa ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsìkàn wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ lọ wo ilé Ọláwuyì ní Oǹdó, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olówó kòkó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èrò kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan ń júwe bẹ́ẹ̀dì onírin tó wà ní yàrá ìyá àgbà ilé náà, jígí ńlá àti kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ fún wa. Ó gbójú sókè, ó bá ojú mi pàdé, ó sì gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé.

"Bọ̀dá, ṣé a ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù?" ni ẹnìkan béèrè. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Gbémiga lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ilé náà. Ó fi àga kan hàn wá tí wọ́n fi okùn pupa yí ká. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí i àfi ọmọbìnrin ilé náà, lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ, kí àwọn àgbà lè wúre fún un níbẹ̀. Ó fi aṣọ funfun nù ún jẹ́jẹ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé, bí ó bá lè kẹ́ igi báyìí, báwo ni yóò ti kẹ́ ènìyàn?

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń wọkọ̀ lọ Oǹdó. Ìfẹ́ wọ̀ wá lára. Ìyá mi kò fara mọ́ ọn. Ó ní ọkùnrin tó ń nu eruku àga òkú, ìgbà wo ni yóò ra tirẹ̀? Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni àwọn obìnrin tó ń wá wo ilé náà, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó ṣáà lè máa rẹ́rìn-ín sí wọn.

Sátidé kan, mo dé ṣáájú àsìkò láìsọ fún un. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i: arẹwà ọmọge kan jókòó sórí àga yẹn, Gbémiga kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún ọmọge, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná bí ẹni pé wọ́n da ata sí i. Bí wọ́n ṣe bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo wọlé, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá okùn, mo sì fi ìbínú jókòó. Kí ni obìnrin yẹn fi jù mí lọ?

Ẹsẹ̀ àga dá gbàù. Mo sá, n kò bojú wẹ̀yìn títí mo fi wọkọ̀ Àkúrẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè mí lórí fóònù. Mo ti múra ìjà sílẹ̀.

"Mo rí ẹ bó o ṣe ń sáré jáde," ló wí. "Ṣé o ò fara pa?"

Omijé bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n owú ló dáhùn. "Ta ni obìnrin yẹn?"

"Fọlákẹ́mi, ọmọ ilé. Ó ń lọ ilé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ dán àga wò. Ẹsẹ̀ àga ti ń mì tẹ́lẹ̀, mo dì í mú kó má baà ṣubú. Fẹ̀yìntọlá mi, ẹsẹ̀ àga ni mo dì mú o, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Ó ti sọ fún wọn pé òun lòun fọ́ ọ. Bàbá Ọláwuyì, ọmọ olówó kòkó náà tó jẹ́ olórí ẹbí, sì ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbémiga wá sí Àkúrẹ́, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan nítòsí Ọjà Ọba. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń wà nílé wa. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí Bàbá Ọláwuyì, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n inú Bíbélì mi ló wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Bí lẹ́tà yẹn bá dé Oǹdó, Oǹdó yóò gbà á padà, èmi àti àwọn obìnrin wọ̀nyẹn yóò tún máa pín ẹ̀rín rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, òjò ń rọ̀, a ń jẹun. Gbémiga gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n rántí pa fèrèsé yàrá ìyá àgbà dé ní Oǹdó?" ló béèrè, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òjò máa ń wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Kò parí oúnjẹ. Mo wò ó, mo sì rí i pé ìdajì Gbémiga ni mo gbà, ìdajì yòókù ṣì wà ní Oǹdó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní, "Ọkùnrin ti ru ẹ̀bi rẹ, ìwọ sì dákẹ́ sí i. Wọ́n á ní ọmọ mi ò lẹ́kọ̀ọ́." Ní ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ Oǹdó.

Fọlákẹ́mi ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó tún rẹwà ju bí mo ṣe rò lọ. Ó kí mi dáadáa, ó ní ilé náà kò dùn mọ́ láti ìgbà tí Gbémiga ti lọ. Owú ta mí láyà. Mo fẹ́ yí padà. Mo gbé owú náà mì bí ẹni gbé àgbo mì, mo sì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí Gbémiga. Èmi ni."

Mo na lẹ́tà sí i. Bàbá di etí kan lẹ́tà náà mú, ọwọ́ mi kò tètè tú lára èkejì. Ó fà á díẹ̀. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.