Ìtàgé Tí A Kì Í Wọ Bàtà Gùn

Nígbà tí Ìnspẹ́kítọ̀ Ojú-Àwòdì wọ gbọ̀ngàn eré náà, ibẹ̀ dákẹ́ débi pé èèrà tó ń gun ògiri ń gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ti gbé olórin lọ sílé ìwòsàn. Bó ṣe di máíkì mú níbi ìdánrawò ni iná gbé e, kò sì tíì lajú.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, jókòó pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni tó gbé òkè yìnyín mì. Ìyá wọn ti ní àbúrò yìí ló fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kò sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn.

"Ẹ bọ́ bàtà, sà," ni onílù sọ. "Òfin tí ọ̀gá gbọ̀ngàn ṣe láàárọ̀ yìí ni. Pákó ìtàgé yìí ń han gooro ju ìyàwó tí ọkọ gbàgbé nílé àna lọ."

Ìnspẹ́kítọ̀ bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn sí pákó náà láàárọ̀.

"Ta ló so wáyà?"

"Èmi ni, sà," ni àbúrò dáhùn. "Mo dán an wò, kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn lọ jẹun ni. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀?"

Ìnspẹ́kítọ̀ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó wo báńdéèjì apá onílù.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ di olórin mú, sà. Iná jù mí nù bíi bọ́ọ̀lù. Kí n tó balẹ̀, mo ti gbàgbé orúkọ bàbá mi."

"Ta ló wá fà á kúrò?"

"Èmi," ni ọ̀gá gbọ̀ngàn wí, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi ìpàdé ṣáájú rẹ̀. "Ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi fà á. Ọ̀gá ọlọ́pàá, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ mú àbúrò rẹ̀ lọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbé ife omi fúnra yín?" ni onílù kùn.

Ìnspẹ́kítọ̀ ní kí gbogbo wọn gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Ti àwọn òṣèré dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti ọ̀gá funfun bí òwú.

"Mo ti fọ tèmi," ni ọ̀gá wí.

"Mo fi odindi ọṣẹ kan bó tèmi, kò lọ," ni onílù wí. Ìnspẹ́kítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ọ́fíìsì yín."

Lábẹ́ tábìlì ni bàtà rọ́bà wà, ọ̀dà dúdú nídìí rẹ̀.

"Iná ju onílù nù, kò fọwọ́ kàn yín, torí rọ́bà lẹ wọ̀," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí. "Ẹni tí kò mọ̀ pé iná ń bọ̀ kò ní rú òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ yìí gan-an. Kí ló dé?"

Òógùn bo ọ̀gá bí ẹni tí òjò bá nínú ilé.

"Gbọ̀ngàn ńlá òdìkejì ìlú ti gba olórin àti àbúrò rẹ̀ síṣẹ́. Ta ló máa wá síbí mọ́? Nígbà tí àbúrò lọ jẹun ni mo tú wáyà so, kí iná lè kàn ta olórin díẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé àbúrò ò mọṣẹ́, kí gbọ̀ngàn ọ̀hún lé wọn padà. Mi ò ní kó kú."

Wọ́n bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò, wọ́n fi de ọ̀gá.

Nílé ìwòsàn, ìyá wọn dí ẹnu ọ̀nà mọ́ àbúrò. "Má wọlé."

"Ìyá, ọ̀gá gbọ̀ngàn ti jẹ́wọ́," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí. "Ọmọ yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ìyá wojú ọmọ rẹ̀. Ó yẹ̀ fún un. "Pè é. Ohùn tèmi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Àbúrò di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra ká mọ́ tirẹ̀.