Omi Kòtò Òkúta

“Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ omi fi máa ń dà bí ẹni pé ó súnmọ́ wa?”

Èdè Òyìnbó ni Tíṣà Àbdùlsàlámì fi béèrè. Gbogbo kíláàsì tẹrí ba, àfi Àhmádù. Ó dìde, ó sì ka ìdáhùn lórí, bí Tíṣà ṣe kọ ọ́ sójú pátákó lánàá gẹ́lẹ́, lédè Òyìnbó: ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá ń jáde látinú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un.

Reluwé kò tíì pẹ́ tó dé Ìlọrin nígbà náà, ilé ìwé ìjọba sì ṣì tuntun. Ọmọ tó bá lè dáhùn báyìí, ojú akọ̀wé ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wò ó.

Bí wọ́n ṣe jáde, Mùsílíù ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á lápá. “Sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi jàre. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀?”

Àhmádù kò mọ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn méjì wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń gbọ́. “Ṣé o ò sí ní kíláàsì ni?” ló fi dá a lóhùn.

Oòrùn mú gan-an. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ẹ̀yìn ojú irin, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wa òkúta tó fi di kòtò ńlá. Omi ti kún un. Ẹyẹ kan kò ké nítòsí. Omi náà mọ́ gaara, òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn kedere bí ẹni pé ó wà nítòsí.

Mùsílíù bọ́ dàńṣíkí rẹ̀. Kò mọ̀wẹ̀. “Àhmádù, ìwọ lo mọ̀ nípa omi. Ṣé ó jìn?”

Ọkàn Àhmádù ní kó dúró ná, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. “Kò lè ju àyà lọ.”

Mùsílíù rẹ́rìn-ín, ó bẹ́ sí i.

Omi bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan, kò yọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé gbọ́ igbe, wọ́n sáré dé, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n gbé jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Asabe ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó kàn jókòó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì padà sílé ìwé, Tíṣà kó wọn lọ sídìí kòtò náà. Ó ki ọ̀pá gígùn kan bọ omi. Ọ̀pá ń lọ, ó ń lọ, títí omi fi dé ọwọ́ Tíṣà, kò sì tíì kan ìsàlẹ̀.

“Mo pàtẹ́wọ́, mi ò sì bi yín bóyá ó yé yín,” ni Tíṣà wí. “Àhmádù, kí ni ìtumọ̀ ohun tó o kà?”

Omijé bọ́ lójú Àhmádù. “Kò yé mi, sà. Èmi ni mo sì sọ fún un pé kò jìn.”

Tíṣà fa ọ̀pá náà jáde nínú omi. “Ẹ gbọ́ o. Èèyàn lè há ìdáhùn sórí kó má mọ nǹkan kan. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ lára.”

Lọ́jọ́ náà, Àhmádù kò kọ́kọ́ gba ilé lọ. Ó lọ bá Asabe, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Asabe gbọ́ ọ tán. Kò bú u. Ó ní kó dìde, kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.