Ojú Tí Kọ̀ǹpútà Gbé Mì

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn lẹ́ẹ̀kan, ó kùn lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu bébà jáde. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń jẹ bisikíìtì, mo ń wò ó bí ọba ṣe ń wo ìránṣẹ́ rẹ̀. Ojú ènìyàn kéékèèké ń yọ lórí bébà, mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ń wo òrùlé láìṣẹ́jú.

"Ta ló ń tẹ ìyẹn?" Ọkùnrin kan tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé ló béèrè. Ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn.

"Iwin ni, sà. A ti dá àwọn ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ọkùnrin yẹn kò dúró gba ìwé rẹ̀. Eré tó sá lọ́jọ́ náà, bí ó bá jẹ́ ìdíje ni, yóò ti gba ife-ẹ̀yẹ kí àwọn yòókù tó so okùn bàtà tán. Mo rẹ́rìn-ín títí ìfun mi fi ta kókó mẹ́ta.

Ìjì ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wọ yàrá, àga a máa yẹra fún mi. Ìwé mi kò jìnnà: mo ka kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, débi pé bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ló ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ẹnu mi sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n á bẹ̀bẹ̀. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni ìyá mi fà mí lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀, kí ilé lè sinmi.

Iṣẹ́ náà kò le, ó kàn ń súni ni. Àwọn oníbàárà a fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ nínú ímeèlì, fún káàdì, fún fọ́ọ̀mù, fún ìwé ìkéde òkú. Èmi ni kí n ṣí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí n ṣí fọ́tò tí wọ́n so mọ́ ọn, kí n kọ orúkọ ẹni náà sí i, kí n tó fi pamọ́. Àǹtí mi sì ní òfin kan. Kò gbọdọ̀ sí fọ́tò tí a óò fi pamọ́ láìwo ojú inú rẹ̀, láìpe orúkọ ẹni tó ni ín.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá onírùngbọ̀n," báyìí ni yóò máa kí fọ́tò. "Ìyá ìbejì, ẹ mà ti sanra!"

"Àǹtí mi, ṣé wọ́n ń dá yín lóhùn ni?"

"Ìwọ ṣáà wò wọ́n. Ènìyàn ni, kì í ṣe ẹ̀wà tí o ń ṣà."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti tẹ kọ̀ǹpútà títí ìka mi fi kúrú sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ń kọ́ni bí a ṣe lè kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa yọ ohun tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kan. Ìlà mẹ́rìnlá ni àṣẹ náà. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ yé mi díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rin tó kù, mo kàn sín in jẹ bí ayékòótọ́. Mo fi tèmi kún un: tó bá ti yọ fọ́tò tán, kí ó pa lẹ́tà rẹ́ pátápátá, tó bá di aago méjìlá ọ̀sán, kí ó tẹ gbogbo fọ́tò tó wọlé lọ́jọ́ náà.

Kí n má purọ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo jó. Mo rò pé wọn yóò fi mí ṣe olórí gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé. Àǹtí mi ń rí i pé iṣẹ́ ń yá, ó ń yìn mí. N kò sọ fún un pé n kì í wo ojú ẹnì kankan mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo ka lẹ́tà bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mọ́kànlá. Mo ṣí àpò. Fọ́tò méje ló wà níbẹ̀.

Mo tún un kà. Méje. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ́kànlá wọ yàrá kan, tí méje péré jáde, tí yàrá náà kò sì ní fèrèsé. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ ló ṣì í kà. Bí oníbàárà kan bá wá tí fọ́tò rẹ̀ kò sí, mo ti mọ ohun tí n óò sọ: "Kò wọlé o, ẹ bá wa tún un fi ránṣẹ́." Wọn a tún un fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ á tán.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí mi lọ ra yíǹkì. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wọlé, ìyẹ̀fun igi ṣì wà ní irun apá rẹ̀. Ó dúró, kò jókòó.

"Ọmọ mi obìnrin fi fọ́tò ránṣẹ́ síbí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Fún káàdì ibi iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí."

"Ẹ ò jẹ́ kí ó wá gbà á fúnra rẹ̀, Bàbá?"

"Ọkọ̀ gbá a lọ́jọ́rú." Ó ń gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lápá rẹ̀. "Fóònù rẹ̀ náà fọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣí ímeèlì rẹ̀. Kì í ya fọ́tò, ọmọ yẹn. Èyí tó wà nílé, ọmọ ọdún méje ni níbẹ̀. Tiyín nìkan ló kù. Ẹ bá mi fi ṣe ìwé ìkéde, ogójì."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi kú síbẹ̀. Mo ṣí àpò. Fọ́tò kan ṣoṣo ló jẹ́ ti obìnrin láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Arẹwà kan ni, aṣọ funfun ló wọ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ mi kì í kọ orúkọ.

"Bàbá, ẹ wá wò ó."

Ó yíjú sí ògiri kíákíá. "Má fi hàn mí. Tí mo bá rí i báyìí, n kò ní lè rìn délé. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fún ẹni tó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri fún yín."

Mo tẹ ogójì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, alẹ̀wé wa lẹ̀ ẹ́ káàkiri àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Kùrukùru bo òpópónà débi pé n kò rí imú ara mi àfi tí mo bá fọwọ́ kàn án. Ojú obìnrin náà wà lára gbogbo ògiri. Lára ilé alágbàfọ̀, lára géètì ilé ìwé, lára òpó iná. Ó ń wò mí, mo ń rìn. Mo yà sí kọ̀rọ̀, ó ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀. Kùrukùru là, obìnrin kan jáde láti abẹ́ ìwé náà. Aṣọ funfun. Ojú kan náà. Imú kan náà. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀mí mi fò jáde, ó sá dé ìlú kejì, ó rí i pé òun kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ó padà wá. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ìwọ kọ́ lo wà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ìyá mi ṣílẹ̀kùn fún mi láàárọ̀ yìí, wọ́n rí mi, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Awakọ̀ kọ̀ láti gbé mi. Ibi gbogbo tí mo bá dé, ènìyàn ń sá." Ó tẹjú mọ́ mi. "Jọ̀ọ́, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé mo ti kú ni?"

Nọ́ọ̀sì ni. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun náà ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fún káàdì ilé ìwòsàn.

Ó fà mí dé ṣọ́ọ̀bù, a sì dúró de Àǹtí mi títí ó fi kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Àǹtí mi wo ojú rẹ̀, ó wo ìwé ìkéde tó ya dání, ó fọwọ́ lérí. Kó tó sọ̀rọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà wọlé. Ó ti rí ògiri.

"Ìjì," Àǹtí mi pè mí. "Ta ló fi fọ́tò yìí síbẹ̀?"

Ẹ wò ó, òtítọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti jókòó sórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Àǹtí mi, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e mì. Mo ní, "Ọmọ wọn ló fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Fọ́tò tèmi?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Bóyá ó rí i níbì kan. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ lo tirẹ̀."

Òkú ni mo purọ́ mọ́. Mo rò pé òkú kò lè bá mi jiyàn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe sórí àga. "Ojú ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́," ó ń sọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ó ti mọ̀, àbí? Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Kò fẹ́ kí n rí òun mọ́." Ó gbójú sókè sí mi. "Mo bá a wí lálẹ́ ọjọ́ Ajé, pé ó pẹ́ kó tó délé. Mo pariwo mọ́ ọn. Ṣé ìbínú mi ló bá lọ?"

Kí n tó la ẹnu, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn.

Aago méjìlá ti lù. Bébà ń jáde níkọ̀ọ̀kan, ojú àwọn tí n kò mọ̀ wà lórí wọn, mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò sẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà. Bàbá náà ṣa bébà náà jọ, ó ń yẹ ojú kọ̀ọ̀kan wò bóyá yóò bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Mo bú sẹ́kún. "Irọ́ ni mo pa, Bàbá! Ọmọ yín kò ṣe nǹkan kan. Fọ́tò rẹ̀ dé. Èmi ni mo sọ ọ́ nù!"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: fídíò, ìlà mẹ́rìnlá, lẹ́tà tí mo ń pa rẹ́, mọ́kànlá tó di méje. Àǹtí mi kò lù mí. Ìbá sàn kí ó lù mí. Ó pe atúnkọ̀ǹpútà-ṣe kan tí gbogbo wa ń pè ní Wáyà. Wáyà túlé kọ̀ǹpútà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì mirí.

"Fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń fún fọ́tò," ó ní. "Àṣẹ tí ọmọ yìí kọ, tí fọ́tò méjì bá jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tó dé kẹ́yìn yóò lé ti àkọ́kọ́ jáde, yóò jókòó sípò rẹ̀. Ti ọmọ Bàbá dé ní aago mẹ́sàn-án. Ti nọ́ọ̀sì dé ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀."

"Kò ṣeé wá rí?" Àǹtí mi béèrè.

"Ó ti lọ, mà."

Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́rin ọjọ́sí fi sọnù. Àwọn alààyè lè tún un fi ránṣẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lórí mi. Kò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "Ọwọ́ rẹ ni ó wà fún ìdajì wákàtí," ó ní. "Ìwọ nìkan ló ní àǹfààní àti rí i. Sọ fún mi. Báwo ló ṣe rí níbẹ̀? Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

Èmi Ìjì, ẹnu mi lè sọ eṣinṣin di erin.

Mo wá irọ́ kan tó dùn, mo fẹ́ sọ pé ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n irọ́ ti tó. "N kò mọ̀, Bàbá," mo ní. "N kò wò ó."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ.

Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ya ìwé ogójì náà kúrò lára ògiri, èmi nìkan, pẹ̀lú omi àti ọ̀bẹ. Mo lọ bẹ ìyá nọ́ọ̀sì. Ìyá náà kò jẹ́ kí n wọlé. Àwọn oníbàárà dín kù ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi, wọ́n ní a ti ń sin alààyè.

Àǹtí mi mú mi lọ síbi ìsìnkú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ férémù kan, igi dúdú, ó dán, dígí sì wà níwájú rẹ̀. Kò fi fọ́tò ọmọ ọdún méje sínú rẹ̀. Ó ní ìyẹn kọ́ ni ọmọ tí òun ń sin. Férémù náà dúró lórí pósí lófìfo, aṣọ dúdú ló fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń tò kọjá, wọ́n ń tẹjú mọ́ ọn, wọ́n sì ń yára gbójú kúrò. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí ó fi kàn mí. Mo tẹ̀ síwájú, mo wo inú rẹ̀, mo ń wá ojú ọmọbìnrin náà. Nínú dígí yẹn, ojú tèmi ló wò mí padà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ má fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Èmi ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ àṣẹ tí kò yé yín, ẹ má sì ṣe fi irọ́ bo àṣìṣe yín, pàápàá irọ́ tí ẹ óò gbé ru ẹni tí kò lè fèsì. Ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Kò lè gba ẹ̀bi lọ́wọ́ yín.