Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Létí Ọ̀sà

Òógùn kì í jáde lára Gbémiga. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, lọ́jọ́ tí Ọlọ́ládé mú mi lọ mọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ létí ọ̀sà Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá. Oṣù kẹjọ ni, ooru ń hó lórí ọ̀dà títì, èmi ti fi ìborùn nu ojú títí ó fi tutù rinrin. Àmọ́ ọkùnrin yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ yí gbogbo ọ̀sà ká, ara rẹ̀ gbẹ bí ẹni tó jáde látinú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù.

Kó tó kí mi rárá, ó bi mí léèrè: "Àǹtí Raliat, ìlú wo lẹ ti wá?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó."

Ó mí kanlẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Yalla, ẹ jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́."

Èmi àti Ọlọ́ládé la jọ ń gbé yàrá kan ní Hor Al Anz, nílùú tó múlé gbe Sharjah, lọ́dún 1996. Báàgì àti bàtà la máa ń rà ní ọjà Deira, tí a ń kó wọn lọ sí Èkó, mo sì mú un bí àbúrò. Gbémiga ní tirẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ àlòkù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Industrial Area ti Sharjah. Kì í wá sí Deira, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ó ní ariwo wa ti pọ̀ jù fún òun.

Mi ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi. Gbémiga di ìdí rẹ̀ mú fún mi, ó ń sá tẹ̀ lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ẹ má wo ilẹ̀, mà. Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò." Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ó ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́; èmi nìkan ni mò ń lọ. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń kó sínú bùbá mi, àwọn ọkọ̀ onígi ń mì lórí omi, igi dàbínù ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn yí ọ̀sà ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ọrùn ká: ibi tó o bá ti gbéra náà lo máa padà sí. Látọjọ́ náà, bó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi ni mo máa ń ṣáájú wọn débẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí Gbémiga bá ti gun kẹ̀kẹ́, sísọ̀ kalẹ̀ a di ìjà. Bó bá ti rẹ̀ wá, òun á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dún lábẹ́ táyà tiwa kì í sì í dún lábẹ́ tirẹ̀. Mo ní bóyá táyà rẹ̀ ló rọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, Gbémiga ní òun ò ní ẹbí kankan. Ó dun Ọlọ́ládé. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tó dín dòdò fún un, Gbémiga jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ó dùn, ṣùgbọ́n kò tó ti Ìkirè wa," ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ọlọ́ládé kò gbàgbé. Ó wá ọmọ Ìkirè kan rí ní Deira, Bọ̀dá Ògúnjọbí, tó wá ra táyà mọ́tò. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dúró bíi bàbá fún Gbémiga. Kò sọ fún Gbémiga. Ó fẹ́ kó bá a lójijì, kínú rẹ̀ lè dùn.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta dúró lábẹ́ igi, Bọ̀dá Ògúnjọbí mú ife tíì dání. Oòrùn ń wọ̀, omi ti pọ́n. Gbémiga yọ lókèèrè, ó tẹ̀ba lórí kẹ̀kẹ́, ó ń sáré bọ̀. Ọlọ́ládé ń juwọ́ sí i.

Tíì gbígbóná ń dà sí Bọ̀dá Ògúnjọbí lọ́wọ́, kò mọ̀.

"Ọlọ́ládé," ó rọra sọ, "ta lo pe èyí?"

"Gbémiga mi ni, sà."

"Gbémiga ọmọ Ìyá Fọláyẹmí?"

Kò pariwo. Ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ níbi tí aláìsàn ti ń sùn ló lò. Àmọ́ Gbémiga gbọ́ ọ níbi tó wà. Ó gbójú sókè. Ó wo Bọ̀dá Ògúnjọbí, ó wá wo Ọlọ́ládé, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, atẹ́gùn tó tẹ̀ lé e tutù débi pé irun apá mi dìde. Ó yà níbi kọ́nà, àwọn igi bò ó.

"Ó ń bọ̀," Ọlọ́ládé ní. "Ó máa yí i po, ó máa padà síbí."

A dúró títí. Kò dé. Mo fò sórí kẹ̀kẹ́ mi, mo gba òdìkejì ọ̀nà náà. Omi ló wà lápá kan, títì mọ́tò ló wà lápá kejì. Bó bá ń bọ̀, àfi ká pàdé. Mo kọjá mọ́ṣáláṣí, mo kọjá ọjà aláwọ̀ búlúù, mo pàdé àwọn tó ń ṣe fàájì kiri, mi ò pàdé Gbémiga. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó fara ti irin etí omi. Táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí. Mo fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Ó tutù bí omi dídì.

Bọ̀dá Ògúnjọbí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀," ó ní. "Ọdún kẹta rè é. Àkúdàáyà ni." Ó dá tákísì dúró, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọlọ́ládé kò sunkún. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ni mò ń lọ."

Bí a ṣe dé Èkó, Ìkirè la kọ́kọ́ gbà lọ. Ìyá Fọláyẹmí gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa lé wa jáde.

"Ṣé ó sanra?" ó bi Ọlọ́ládé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló máa ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"Kẹ̀kẹ́ ni, mà. Tó bá ti gùn ún, kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Màmá náà wọ yàrá, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì jáde, ibi tí abíyá ti ń tẹ̀ wọ́n ti ń dán. "Kékeré ló wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ," ó ní. "Kò dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí tó fi kú." Ó bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. "Kẹ̀kẹ́. Gbémiga mi."

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ Ọlọ́ládé mú. "Bó o bá tún rí i, ọmọ mi, má pe orúkọ ẹ̀. Jẹ́ kó máa gùn ún lọ."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí a ti padà sílẹ̀ Lárúbáwá, a jókòó létí omi ní Al Mamzar nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọlọ́ládé ṣàdédé di ọwọ́ mi mú pinpin. Ọkùnrin kan ń fi kẹ̀kẹ́ sáré bọ̀. Mo rí ojú rẹ̀, mo bojú wolẹ̀. Ọlọ́ládé la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ń wò ó títí ó fi yà lọ sí apá Sharjah tí a ò rí i mọ́.

Ìgbà náà ló tó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ rí eré tó ń sá?"