Akoto Inú Ọ̀rá

"Ẹ dúró dáadáa! Yísà, gbé àyà rẹ sókè. Ṣẹ̀rífù, má wo kámẹ́rà bí ẹni tí ìyàwó lé jáde nílé. Ẹ rẹ́rìn-ín!"

Alhaji Sàídì ló ń pàṣẹ báyìí níwájú ilé ìkóbìsí tó ń kọ́ ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Kọngílá ni. Wọ́n ní kò sí kọngílá bíi tirẹ̀ ní gbogbo Rẹ́mọ, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́sẹ̀ ògiri. Oníkálùkù wọn dé akoto pupa, fìlà líle tí kì í jẹ́ kí nǹkan fọ́ni lórí. Àwọn akoto náà ń dán yinrin nínú oòrùn, nítorí ọ̀rá tó bá wọn wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn. Hàmdálátù, ọmọ Alhaji tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, gbé fóònù rẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, sókè, ó sì ya wọ́n.

"Ó tó," ni Alhaji wí. "Hàmdálátù, gba akoto lọ́wọ́ wọn, kó wọn padà sí yàrá."

Yísà, ọ̀gá àwọn bíríkìlà, yọ tirẹ̀. "Alhaji, ṣé bí a ṣe ya fọ́tò tán yìí, orí wa ò wúlò mọ́ nìyẹn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé láti na ọwọ́ gba akoto.

Alhaja Hàbíbátù tó ni ilé náà ló fa ọ̀rọ̀ fọ́tò. Kánò ni ìyá náà ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ta gbànja tí wọ́n ń kó wá láti Ṣàgámù. Nígbà tó ń gbé iṣẹ́ fún Alhaji, ó kìlọ̀ fún un pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, òun fẹ́ rí fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́, òun kò sì fẹ́ rí orí tí kò dé akoto. Alhaji ra akoto lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí ọ̀rá ṣì wà lára àga pálọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó ti rà á, tí àlejò bá dìde níbẹ̀ tí itan rẹ̀ á dún bí ìgbà tí wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, báwo ni yóò ṣe jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì kan akoto tuntun?

"Iṣẹ́ kan ń bọ̀ ní Simawa," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó akoto sí. "Àwọn akoto yìí la máa kó lọ síbẹ̀. Bí ọ̀rá wọn ò bá ya títí a ó fi parí ilé yìí, màá ra fóònù tuntun fún ọ."

Láti ìgbà náà ni Hàmdálátù ti ń tọ́jú akoto bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Moríyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bú fóònù rẹ̀ tó. Ó ní bí èèyàn bá fi ya fọ́tò, ṣe ni ẹni tí wọ́n yà máa ń dà bí ẹni tó kọlà.

Yísà ti bẹ Alhaji pé kí wọ́n kan pákó gígùn mọ́ etí pẹpẹ igi tí àwọn bíríkìlà ń dúró lé lókè, kí nǹkan má baà máa já bọ́. Alhaji ní pákó yẹn á mú kí ilé òun dà bí ọgbà ewúrẹ́ nínú fọ́tò.

"Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó," ni Yísà wí.

"Ilé tí mo bá kọ́, òjò ò lè wó o," ni Alhaji dáhùn. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Ṣẹ̀rífù ru sìmẹ́ǹtì pípò kọjá lábẹ́ pẹpẹ. Òòlù kan já bọ́ láti òkè. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó sì gún ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣẹ̀rífù dúró gbagidi, sìmẹ́ǹtì ń kán sí i lọ́rùn.

"Orí ẹ ń jí!" ni ẹnì kan ké láti òkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Ṣẹ̀rífù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan etí rẹ̀ wò.

Hàmdálátù pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé òòlù náà bà á?" ni Alhaji bèèrè.

"Kò bà á, Dádì, ṣùgbọ́n…"

"Alhamdulillahi. Kí lo wá ń pè mí fún?"

Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú fóònù rẹ̀ tó sán. Ó tún wo Ṣẹ̀rífù, tó ti ń padà ru òmíràn. Ó ṣí yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín ya ọ̀rá.

"Fóònù rẹ ńkọ́?" ni Yísà bèèrè, nítorí kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa fóònù náà.

"Bọ̀dá Yísà, èyí tó sán yìí ṣì ń pe èèyàn. Ṣé ẹ̀yin ní orí mìíràn nílé ni?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, akoto pupa ti di aláwọ̀ sìmẹ́ǹtì. Alhaji bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú léèsì funfun àti fìlà aran, ó ya ẹnu sílẹ̀.

"Ta ló bọ́ aṣọ lára akoto mi?"

Hàmdálátù kúnlẹ̀. "Èmi ni, Dádì."

"Ó dáa. Gbàgbé fóònù! Ẹ̀yin, ẹ ṣí wọn lórí, ẹ lọ fọ̀ wọ́n kíá!"

Ọkàn Hàmdálátù bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà lókè pẹpẹ, búlọ́ọ̀kù tò sétí rẹ̀, orí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sì fẹ́ di òfìfo yìí. Ó mọ ibi tí a ti ń mú bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ná. Bó ṣe dọ̀tí yìí gan-an ni Alhaja á fi mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Akoto funfun kan ṣì wà ní yàrá tó mọ́, tiyín nìyẹn. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá."

Alhaji ronú díẹ̀. Ó fi ìbànújẹ́ ṣí fìlà aran, ó fún ọmọ rẹ̀ dì mú, ó sì dé akoto funfun. Ó lọ dúró sábẹ́ pẹpẹ, ó na ìka sí ògiri bí ẹni pé òun ló to búlọ́ọ̀kù ibẹ̀.

"Yà mí, kó o tún yà mí láti ẹ̀gbẹ́," ló wí.

Bí Hàmdálátù ti tẹ fóònù, ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan yí kúrò létí pẹpẹ. Gbà! Orí Alhaji ló bọ́ sí. Ó fi ìdí jókòó sórí òkìtì yanrìn, ojú rẹ̀ dì.

Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ti Alhaji kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

"Dádì! Dádì o!"

Yísà fò sọ̀kalẹ̀. Alhaji la ojú kan, ó la èkejì.

"Fìlà mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Dádì," ni Hàmdálátù wí, omi ojú àti ẹ̀rín sì jọ yọ lójú rẹ̀.

Alhaji wo fìlà aran náà bó ṣe rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó wo akoto funfun tó là sí méjì bí igbá. Kò tún bèèrè fìlà mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó ní ọrùn ló kàn rọ́ díẹ̀. "Akoto yìí ló kú nípò yín," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Alhaji dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n fi di ọrùn rẹ̀, ó sì gbé e bí ìlẹ̀kẹ̀ ọba. Ó ti ra akoto mìíràn. Káfíńtà ń kan pákó mọ́ etí pẹpẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Orí tí kò bá dé akoto, kó padà sílé!"

Alhaja Hàbíbátù pè láti Kánò. "Sàídì, fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn yẹn nìkan ni mo tíì gbà gbọ́. Ti tẹ́lẹ̀, orí wọn ń dán jù."

Lẹ́yìn náà, Alhaji fa páálí kékeré kan jáde lápò, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Fóònù tuntun ni. Hàmdálátù gbàgbé pé obìnrin ni òun, ó dọ̀bálẹ̀, kó tó rántí kúnlẹ̀. Bó ṣe ń ṣí i lọ ni bàbá rẹ̀ ké:

"Rọra! Má tíì ya ọ̀rá ojú ẹ̀ o, kó má baà…"

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú wò ó. Alhaji fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

"Yà á," ló wí.

Hàmdálátù ya ọ̀rá náà kúrò. Ohun tí a bá rà láti fi dáàbò bo ara, ara ló yẹ kó wà. Bó bá dọ̀tí, omi wà tí a ó fi fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n orí tó bá fọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òmíràn.