Káàdì Kan Kì í Ṣe ti Ẹni Méjì

Ní ilé ìfọṣọ wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun ni yíya aṣọ sọ́tọ̀. Funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀. Funfun lè gba omi gbígbóná àti ọṣẹ líle. Aláwọ̀ ń fẹ́ omi tútù àti ọṣẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Ìyálé mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ilé kan náà la ń gbé, yàrá wa dojú kọ yàrá wọn, a sì jọ ń lọ síbi iṣẹ́ kan náà, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ kan aṣọ, á sọ fún ọ bóyá àwọ̀ rẹ̀ máa ṣí tàbí kò ní í ṣí.

Ọmọ mi kan ṣoṣo ti pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán. Ẹ̀jẹ̀ dà lára mi débi pé àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Ní ọjọ́ kẹfà, dókítà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Má ṣe lóyún mìíràn kó tó pé ọdún méjì," ó ní. "Bí oyún bá tètè dé, ojú àpá yìí lè ya nínú. Ìwọ àti ọmọ lè bá a lọ."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Bí mo bá ń rìn láàárín àwọn aṣọ funfun tí a sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lọ, tó ń fẹ́ wọn bọ̀, á dà bíi pé inú ìkuukùu ni mo wà. Ariwo ẹ̀rọ á jìnnà sí mi. Mi ò ní mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ohùn dókítà ti máa ń bá mi.

"Ìyàwó! Ṣé orí ìdúró lo ti ń sùn ni?" ìyálé mi á pariwo.

"Mi ò sùn, mà."

"O ò sùn, o wá gbá ìrọ̀rí mọ́ra báyẹn?"

Lọ́jọ́ kan, mo tú ọ̀rọ̀ inú mi fún un. Mo ní mo fẹ́ lọ ṣe ìfètòsọ́mọbíbí ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Túsìdeè nìkan ni wọ́n ń ṣe é, Túsìdeè sì ni ẹrù òtẹ́ẹ̀lì ń wọlé. Kò sẹ́ni tó ń gbàyè lọ́jọ́ yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Nítorí ìyẹn lo ṣe ń ronú bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀? Èmi náà ń lò ó." Ó fa nǹkan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Oníkẹ́míìsì ọ̀kánkán yìí ló ń tà á fún mi. Oṣù karùn-ún rèé. Ṣé o rí oyún lára mi?"

"Mi ò rí i, mà."

"Ohun tí o ń rí yìí, ọ̀rá ni."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú jáde jẹ́ káàdì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to hóró oògùn méjìdínlọ́gbọ̀n sí. Mọ́kànlélógún funfun. Méje tó kù pupa rúsúrúsú. Ìyálé mi tẹ́ ìnura sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ hóró kọ̀ọ̀kan jáde, ó ń pín wọn sí òkìtì méjì, bó ṣe máa ń pín aṣọ láràárọ̀.

"Funfun, tèmi. Ó le, ó sì bá mi lára mu. Ọmọ mẹ́rin ti gba ibí kọjá. Aláwọ̀, tìrẹ. Ikùn tí wọ́n fi abẹ là, ohun pẹ̀lẹ́ ló yẹ ẹ́. Àbí a máa ń fi omi gbígbóná fọ aláwọ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Ó yá, gbọ́." Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí i. "Ọkọ rẹ ń wọlé ní Sátidé, ó ń jáde ní Mọ́ńdè. Sátidé, gbé ọ̀kan mì. Sọ́ńdè, gbé ọ̀kan mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di mẹ́jọ. Ọ̀kan dín. Ọlọ́run á bá wa bo ìyẹn."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ó da hóró méje náà sínú ike kékeré, ó dé e, ó fi lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi balẹ̀. Èébì kò gbé mi, orí kò fọ́ mi. Ìyálé mi ló ń ráhùn orí fífọ́.

"Ooru ẹ̀rọ yìí máa pa mí," á sọ bẹ́ẹ̀, á fi gèlè di orí rẹ̀ le. "Tìẹ dára. O rí i pé aláwọ̀ ò le."

Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀; bó bá ti ra káàdì tuntun, á tún da méje sínú ike mi. Ní oṣù kẹta, nǹkan oṣù mi kò dé. Láti ìgbà tí ọmọ ti pé oṣù márùn-ún ló ti padà, kì í sì í yẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, ó di ọjọ́ mẹ́ta, ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré lábẹ́ etí àwọn aṣọ tí a sá. Ẹsẹ̀ méjì, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ lórí koríko. Bí mo bá ṣí aṣọ náà, n kò ní bá ẹnì kankan. Ọmọ náà kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń dúró dè mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mi ò mọ̀ bóyá òun ni yóò wá bá mi, tàbí èmi ni n óò lọ bá a.

Obìnrin kan wà nídìí àyọ́nù tí a ń pè ní Ìròyìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń sùn lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí títí, ó gbé àyọ́nù rẹ̀ nàró.

"Ìyàwó, itọ́ tí ò ń tu yìí ti pọ̀ jù o! Ṣé ìbejì ni à ń retí?"

Ojú ìyálé mi yí padà. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wọ́ mi lọ bá ọ̀gá wa.

"Ọ̀gá, à ń lọ sí ilé ìwòsàn."

Ọ̀gá wo òkìtì ẹrù tó wà nílẹ̀. "Ní Túsìdeè?"

"Ní Túsìdeè, sà. Aṣọ á dúró. Ara kì í dúró."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí a máa lọ.

Orí bẹ́ǹṣì gígùn kan la jókòó sí. Fáànù òkè ń yí díẹ̀díẹ̀, mo ń wò ó, ó sì ń ṣe mí bíi pé bẹ́ǹṣì náà ń rọra gbéra kúrò nílẹ̀. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì náà, obìnrin tó sanra, tó ń fi ìka tọ́ka sí gbogbo ohun tó bá ń sọ, ní kí a fi oògùn tí mò ń lò han òun. Mo fún un ní ike. Ó da hóró mẹ́ta tó kù sí àtẹ́lẹwọ́.

"Àwọn funfun dà?"

"Èmi ni mò ń lo ìyẹn, mà," ìyálé mi dáhùn.

"Yéè." Nọ́ọ̀sì fi ìka kan hóró kan. "Inú funfun nìkan ni oògùn tó ń dènà oyún wà. Pupa yìí, oògùn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara ni. Wọ́n fi sí ìparí káàdì kí obìnrin má baà gbàgbé pé hóró kan lójúmọ́ ni. Àsìkò tó bá ń lo pupa ni nǹkan oṣù máa ń dé." Ó kọjú sí mi. "Àbúrò, o kò tíì lo ìfètòsọ́mọbíbí rí."

Ìyálé mi ká ọwọ́ lérí. "Èmi ni mo pa á! Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi pín in!"

"Kò sẹ́ni tó kú níbí, màmá. Ẹ jókòó. Ẹ tiẹ̀ gbọ́: ká ní funfun lẹ fún un, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan kò tó. Ojoojúmọ́ ni, ọkọ wà nílé, ọkọ kò sí nílé."

"Ọkọ tó wà lójú títì, kí la ń lo oògùn rẹ̀ fún?"

"Ṣé ìgbà tí olè bá ń kan ilẹ̀kùn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń lọ ra kọ́kọ́rọ́?"

Ìyálé mi jókòó.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò. Ilà kan ṣoṣo ló yọ lára ìwé àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn fi hàn pé kò tíì sí oyún tí àyẹ̀wò náà lè rí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ó ti yá jù. Ó ní kí n padà wá ní Túsìdeè kejì, kí a sì máa lo kọ́ńdọ̀mù kó tó dìgbà náà.

Lẹ́yìn náà, ó so aṣọ ìwọ̀n ìfúnpá mọ́ apá mi. Tèmi dára. Ó so ó mọ́ apá ìyálé mi, ó wò ó, ó tún un wọ̀n.

"Ta ló wọn ìfúnpá yín kó tó ta oògùn yìí fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Mo ní kó fún mi, ó fún mi."

"Ṣé orí máa ń fọ́ yín?"

"Ooru ẹ̀rọ ni, mà."

"Kì í ṣe ooru. Ìfúnpá yín ga, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Irú oògùn yìí kò yẹ ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga. Ó lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Lónìí lẹ ó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ ó rí dókítà, a ó sì fún yín ní irú mìíràn tó bá yín mu."

A jọ rìn padà sílé.

Ní Sátidé, ọkọ mi wọlé tòun ti eruku ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀rọ̀ dókítà dé orí ilà kan.

"Gbogbo èyí wà lọ́kàn rẹ, o sì ń bi mí pé báwo ni ọ̀nà?"

"Mi ò fẹ́ kí o máa ronú nídìí ọkọ̀ ni."

"Nídìí ọkọ̀, ìwọ ni mò ń rò tẹ́lẹ̀." Ó mú páálí kọ́ńdọ̀mù tí nọ́ọ̀sì fún mi, ó tú ìwé inú rẹ̀, ó ń kà á. "Àlàyé yìí pọ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Kò burú. A máa kọ́ ọ."

Mọ́ńdè, lọ́wọ́ ọ̀sán, èmi àti ìyálé mi ń ká aṣọ ibùsùn. Òun di etí kan mú, èmi di ìkejì. Bí mo ṣe ká a mọ́ra, mo jókòó lé etí tábìlì díẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ń dùn mí. Ooru kan rọra gba ara mi kọjá, bí ìgbà tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bá bo ẹsẹ̀ ẹni.

"Ìyàwó. Dìde."

Mo dìde. Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì, kò ju orí àtàǹpàkò lọ.

Ìyálé mi kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n lọ fọ̀ ọ́, mà," mo ní.

"Fi í sílẹ̀ jàre. Jẹ́ kí n wò ó dáadáa."

Ọjọ́ kejì tó jẹ́ Túsìdeè, nọ́ọ̀sì tún yẹ ìtọ̀ mi wò, kò sí oyún; ó ní àníyàn lè mú kí nǹkan oṣù pẹ́. Ó bi mí bóyá mò ń fọ́mọ lọ́mú, mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ọmọ ti pé ọdún kan. Ó fún mi ní káàdì tèmi. Nítorí pé ọjọ́ kejì nǹkan oṣù ni mo bẹ̀rẹ̀, ó ní ó máa ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú ń rú mi láràárọ̀, gbogbo nǹkan ń dà bí ohun tí mò ń wò láti inú ooru omi gbígbóná. Ọyàn mi ń ro mí. Ní ọjọ́ kejìlá àti ìkẹtàlá, ẹ̀jẹ̀ kékeré yọ, mo sì padà lọ béèrè. Nọ́ọ̀sì ní ara ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ni, kí n má dá a dúró. Nígbà tó di oṣù kẹta, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Mo máa ń gbé e mì bí mo bá ti fọ ẹnu tán láàárọ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe rántí ní ọ̀sán ni mo lò ó, mo sì lo ti ọjọ́ kejì ní àsìkò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń mu sìgá, bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, tàbí bí ọmọ ọwọ́ yín kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Irú mìíràn wà fún yín. Ẹ tẹ̀ lé ìtọ́ka ara káàdì, hóró kan lójúmọ́. Bí hóró funfun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá fò yín, ẹ lo ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì lọ béèrè. Bí àyà tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń dùn yín gan-an, tàbí ojú yín ṣú lójijì, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn yìí kò lè dènà àrùn ìbálòpọ̀. Kọ́ńdọ̀mù ló lè ṣe ìyẹn. Kì í sì í sọ obìnrin di àgàn. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ á dá a dúró ni.

Bí ẹ bá sì fẹ́ràn ẹnì kan, ẹ má pín oògùn yín fún un. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ lọ.