Irin Kúkúrú Tí Kì í Gbẹ́rù

Ìdí ọkùnrin kan ni Olóróró kọ́kọ́ rí. Ó yọ gọnbu sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, orí ẹni tó ni ín sì wà nísàlẹ̀, ó lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ irin bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, bí mo bá dùbúlẹ̀ báyẹn, aládùúgbò ni yóò wá gbé mi dìde.

Olóróró ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó rí i, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kán òróró ẹ̀rọ sí oríta irin, níbi tí ojú irin kan ti ń pín sí méjì. Ahọ́n irin tó wà níbẹ̀ ló ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kí ọkọ̀ tó mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Bí ó bá gbẹ, kò ní yí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń kú ni, àbí ẹ̀ ń jí irin?"

Ọkùnrin náà kò gbórí sókè. "Mò ń wọ̀n ọ́n ni."

"Kí lẹ fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Òwú."

Olóróró rẹ́rìn-ín títí òróró fi dà sí i ní bàtà.

Atúnágogoṣe ni ọkùnrin náà. Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti kọ́ ojú irin kékeré sórí tábìlì, ọkọ̀ orí rẹ̀ kò sì gùn ju apá ènìyàn lọ. Ó ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti dé oríta, ó dojú dé. Ó bẹ Olóróró kó bá òun wò ó.

"Àgbàyà nìyí," ni Olóróró wí. Ó lọ ṣá.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wo tábìlì náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Igi ìṣáná ni ọkùnrin náà gé ṣe pákó tó dábùú lábẹ́ irin. Ó fi asẹ́ jọ iyanrìn, ó sì ṣa èyí tó tóbi ṣe òkúta. Lábẹ́ ahọ́n irin, ó kun àwọn òkúta náà ní dúdú díẹ̀.

"Èyí ń kọ́?"

"Òróró tó ń kán lọ́wọ́ yín ni."

Láti ìgbà tí Olóróró ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó wo ibi tí òróró rẹ̀ kán sí rí. Ó gbé ojú kúrò, ó ṣe bí ẹni tó ń wo irin.

"Irin kúkúrú dà?"

"Èwo nìyẹn?"

"Èyí tó ń dúró ti irin gígùn, lódìkejì ibi tí irin méjì ti ré ara wọn kọjá."

"Háà. Mo rò pé àjẹkù ni. Mo rò pé àwọn òṣìṣẹ́ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni."

Olóróró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n gbàgbé ẹ̀, wọ́n wá fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́lẹ̀?" Nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé. Ibi tí irin ti ré ara wọn kọjá, àlàfo wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lè ṣìnà níbẹ̀. Irin kúkúrú kì í gbé ẹrù kankan. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó wà lódìkejì ló ń dì mú, kí èyí tó ń kọjá lórí àlàfo má baà yà.

Ọkùnrin náà fi í sí i. Ọkọ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ilé Olóróró bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, "ẹ" sì di "o" láàárín wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, Bàbá Olóróró ló fẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀gá àwọn tó ń tún ojú irin ṣe ni, kó tó fẹ̀yìn tì. "Ẹni tó ń fi rélùwéè ṣeré? Ọmọdé ni kí n fún lọ́mọ?"

Olóróró sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé, "Bí Bàbá bá kọ̀, mi ò ní bá ọ sá lọ. Mi ò lè gba ẹ̀yìn bàbá mi lọ sílé ọkọ."

"Nígbà náà, iwájú ẹ̀ la máa gbà."

Ó wá sílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. Ìyẹn kò nira fún un, ó ti mọ́ ọn lára lórí òkúta.

"Ọmọ mi ń gbé ohun tí ọkùnrin méjì ń gbé," ni Bàbá wí. "Kí ni ìwọ máa bá a gbé?"

"Kò sí, sà."

Olóróró di ojú. Ó ti bà jẹ́.

"Irin gígùn lọmọ yín, sà. Ó lè gbé ẹrù ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àlàfo bá wà lọ́nà, mo fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Irin kúkúrú ni mo fẹ́ jẹ́."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó ti de irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí awọ.

"Àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì ń kọ́?"

"Kó má fún mọ́ ọn, kó má sì jìnnà sí i, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọmọ yín ni."

Ẹ̀rín bú láti ilé ìdáná. "Ẹ gbọ́ o," ni Ìyá wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irin kúkúrú nílé yìí, kò sẹ́ni tó kán òróró sí mi rí."

Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń mì. "Dìde, jàre, o ti ń nu ilẹ̀ fún wa. Olóróró, wá jókòó. Ìwọ tún lọ gbé agolo òróró ẹ wá fún ìyá ẹ tó bá yá."

Olóróró wá. Ó jókòó ti atúnágogoṣe lórí bẹ́ǹṣì. Kò fún mọ́ ọn, kò sì jìnnà sí i.